Ẹnu Ẹni La Fi Ń Kọ "Mi Ò Jẹ": Jorge Amado àti Ohùn Àwọn Ọmọ Nàgó ní Bahia

Ní àdúgbò São Gonçalo do Retiro, nílùú Salvador tó jẹ́ olú ìlú Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, ilé Ṣàngó kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910. Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá lorúkọ rẹ̀. Ìyá tó dá a sílẹ̀, Eugênia Anna dos Santos tí gbogbo ìlú ń pè ní Mãe Aninha, ló gbé ìgbìmọ̀ àwọn Ọba Ṣàngó méjìlá kalẹ̀ nínú ilé náà ní àwọn ọdún 1930, mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́fà lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó bá a pilẹ̀ rẹ̀ ni Martiniano Eliseu do Bonfim, babaláwo tí wọ́n bí ní Bahia àmọ́ tó lo ìgbà èwe rẹ̀ l'Ékòó. Bí ọmọ Ọ̀yọ́ bá gbọ́ orúkọ oyè wọn, kò ní ṣòro fún un láti mọ ibi tí wọ́n ti wá: Oníkòyí, Olúgbọ́n, Arẹ̀sà, Kakaǹfò, Ọ̀nà-Ṣokùn. Ní 1959, wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn oyè náà, Arolu, jẹ ọkùnrin kan tí Brazil kà sí aláwọ̀ funfun, ọmọ olóko kòkó láti gúúsù Bahia, tó máa ń sọ ní gbangba pé òun kò gba ohun àìrí gbọ́. Jorge Amado ni.

Wọ́n bí Amado ní 1912 lẹ́bàá Itabuna, ó kú ní 2001, wọ́n sì ti túmọ̀ àwọn ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ sí èdè tó lé ní ogójì. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ní Paris, ní Moscow, ní Buenos Aires, inú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé Ọ̀ṣun, Ọya, Èṣù, àti àwọn ọmọ Nàgó, ìran Yorùbá tó ń bọ wọ́n lókè òkun. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Bí àwọn èèyàn bá ń jiyàn bóyá ẹni tó wà lápá àwọn alágbára lè fi ẹnu àwọn tí wọ́n tẹ̀ rì sọ̀rọ̀ nínú ìwé, ìbéèrè méjì ni wọ́n sábà máa ń bi: ṣé ó mọ̀ wọ́n? Ṣé wọ́n fún un láyè? Amado mọ̀ wọ́n. Wọ́n fún un láyè, wọ́n tún fún un lóyè. Bó bá wá kan ògiri níbì kan, a jẹ́ pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló mọ ògiri náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ yé gbogbo wa. Ní Brazil, kì í ṣe iye orí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó kéré. Ètò ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé ìdá 55.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú ló pe ara wọn ní dúdú tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dúdú àti funfun pàdé lára rẹ̀. Wọ́n pọ̀ ju àwọn funfun lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Regina Dalcastagnè ti Yunifásítì Brasília àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ka ìwé ìtàn àròsọ 258 tí ilé atẹ̀wé ńlá mẹ́ta gbé jáde láàárín 1990 sí 2004, wọ́n rí i pé 93.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òǹkọ̀wé náà ló jẹ́ funfun. Inú ìwé ni àwọn dúdú ti di ẹ̀yà kékeré.

Kò yẹ ká fi ohun rere tí Amado ṣe pamọ́. Ní àwọn ọdún 1920, ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà ní Salvador, Pedro Azevedo Gordilho, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Pedrito. Òun ló máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ ya wọ ilé òrìṣà, tí wọ́n á gba ìlù, tí wọ́n á kó ohun ìbọ lọ, tí wọ́n á sì mú àwọn tí wọ́n bá nídìí ọdún. Amado, tí ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múnísì gbé wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní òpin 1945, ló gbé àbá tó mú kí òmìnira ẹ̀sìn wọ inú ìwé òfin Brazil ti 1946. Òfin orí ìwé ni o. Ní Bahia, ó di 1976 kí ìjọba tó yé fipá mú àwọn ilé òrìṣà lọ gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Síbẹ̀, ẹni tó dìde sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn aṣòfin nígbà yẹn kò ṣe ohun kékeré. Ìwé tirẹ̀ náà sì ti jẹ iná rí: ní oṣù kọkànlá 1937, lábẹ́ ìjọba Getúlio Vargas, wọ́n kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ sí gbangba ní Salvador, wọ́n sì dáná sun wọ́n. 808 nínú wọn jẹ́ ẹ̀dà Capitães da Areia, ìtàn àwọn ọmọ ìgboro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún náà.

Ó mọ̀ wọ́n débi pé ó lè kọ ohun tó tẹ̀ lé e yìí. Nínú Tenda dos Milagres, ìwé rẹ̀ ti 1969, Pedrito inú ìtàn kó àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ wọ ilé òrìṣà kan nígbà tí ọdún ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, òmìrán dúdú kan tí gbogbo àdúgbò ń sá fún, jẹ́ ọmọ Ògún. Pedro Archanjo, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, dìde dúró, ó fi èdè Nàgó ké sí Ògún. Gbólóhùn kan péré ni. Ojú ẹsẹ̀ ni Ògún gun ọlọ́pàá náà, ó sì kọjú sí ọ̀gá tó bá wá. Pedrito, baba ìpáyà ìlú, ló wá ń wá ọ̀nà àtisá. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò ka ibẹ̀ tí kò ní rẹ́rìn-ín. Amado kò sì dúró ṣàlàyé ẹni tí Ògún í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ó gbà pé ẹni tó bá ń bá òun bọ̀ á máa bọ̀. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí inú ilé ni kò lè kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Níbo wá ni ògiri náà wà?

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1935, sí ìwé tí Amado pè ní Jubiabá. Antônio Balduíno ni wọ́n sọ ìtàn rẹ̀: ọmọ òrukàn, dúdú, tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, tó ń kọrin, tó ń rìn káàkiri, tó sì wá di aṣáájú ìyanṣẹ́lódì. Nígbà yẹn ní Brazil, ìwé tó fi ọkùnrin dúdú ṣe olórí ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò wọ́pọ̀ rárá, òǹkọ̀wé náà kò sì tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Jubiabá fúnra rẹ̀ ni bàbálórìṣà àgbà tí Balduíno ti ń wárí fún láti kékeré. Nígbà tí ìtàn ń parí lọ, àgbà yìí tẹrí ba fún Balduíno bí ẹni tó ń tẹrí ba fún Òrìṣà Olúfọ́n. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sin òrìṣà ló ń forí balẹ̀ fún ìyanṣẹ́lódì. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí òǹkọ̀wé ń bá rìn ló nílò ìforíbalẹ̀ náà, àgbà sì ṣe é.

Yorùbá ní ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". Ẹ̀dá inú ìtàn kò ní ẹnu tara rẹ̀. Èèyàn lè sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dá ìtàn aláwọ̀ funfun, kò sí èyí tó lè bá ẹni tó dá a jiyàn, òótọ́ sì ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé bí ìwé kan bá ṣi ọkùnrin funfun yà, ẹgbẹ̀rún ìwé mìíràn wà lórí pẹpẹ tí yóò tún un yà. Lọ́dún 1935, bàbálórìṣà Bahia tó bá fẹ́ rí ara rẹ̀ nínú ìwé ìtàn kò ní ibòmíràn púpọ̀ láti yà sí. Bí Jubiabá bá ti forí balẹ̀, gbogbo àwọn àgbà bíi tirẹ̀ ló forí balẹ̀ lójú òǹkàwé yẹn.

Amado kúrò nídìí ẹgbẹ́ Kọ́múnísì nígbà tó yá, ìwà àwọn ìwé rẹ̀ sì yí padà. Ẹ̀rín pọ̀ sí i, oúnjẹ pọ̀ sí i, obìnrin pọ̀ sí i. Gabriela, obìnrin aláwọ̀ pupa inú ìwé tó gbé jáde ní 1958, ló gbé òkìkí rẹ̀ kárí ayé. Ó ń se oúnjẹ tí kò sí irú rẹ̀, gbogbo ọkùnrin ìlú ń wò ó, kì í bínú pẹ́. Iye ìgbà tí irú obìnrin yìí fara hàn nínú ìwé Amado, ilé ìdáná àti yàrá ni, ilé ìdáná àti yàrá ni. Àwọn obìnrin dúdú tó ń kọ̀wé ní Brazil lónìí ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ títí, kò sí ìdí láti tún un sọ níbí yìí.

Èyí tó yẹ ká dúró lé lórí ni Pedro Archanjo. Nínú Tenda dos Milagres, aránṣẹ́ ni Archanjo nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Bahia. Ó di oyè Ojú Ọba mú nílé Ṣàngó, ó ń mutí, ó ń gbádùn ayé rẹ̀, ó bímọ káàkiri, ó sì ń kọ̀wé tó fi ń já irọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní dúdú kò ní làákàyè. Ó kú lójú títì ní àdúgbò Pelourinho ní 1943, kò sí kọ́bọ̀ lápò rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀mọ̀wé ńlá kan ti Amẹ́ríkà dé sí Salvador tó sì yìn ín ni àwọn oníwèé ìròyìn ìlú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré béèrè pé ta ni. Ibẹ̀ yẹn, Amado fi àwọn ọlọ́lá Bahia ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà tó dùn ún kà.

Àwòkọ́ṣe kan wà fún Archanjo, ìyẹn Manuel Querino, tí wọ́n bí ní Santo Amaro da Purificação ní 1851, tó kú ní 1923. Dúdú ni Querino. Ó kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà àti ìyàwòrán, ó kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó bá wọn jà kí oko ẹrú lè parí, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sínú ẹgbẹ́, ó ṣe kánsẹ́lọ̀ nílùú Salvador, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ onímọ̀ ìtàn àti ilẹ̀ Bahia sílẹ̀ ní 1894. Lọ́dún 1916, ó dúró níwájú àpérò àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Salvador, ó ka iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ọmọ Áfíríkà Bahia àti àṣà wọn. Lọ́dún 1918, ó gbé ìwé kékeré kan jáde tó fi sọ pé àwọn adúláwọ̀ ló kọ́ Brazil, pé àwọn ni wọ́n mú ọ̀làjú wá síbẹ̀. Gbólóhùn yẹn le fún àkókò yẹn!

Ẹ gbé àwọn méjèèjì lé ìwọ̀n. Ohun tí Amado fún Archanjo pọ̀: ó fún un ní ẹ̀rín, ó fún un ní Ògún lẹ́nu, ó fún un ní òkìkí tí Querino kò ní láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ṣètò òṣìṣẹ́, tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú, tó ń bá àwọn onímọ̀ ìtàn jiyàn nínú ẹgbẹ́ tí òun náà bá wọn dá sílẹ̀, ọkùnrin yẹn ni ìtàn náà kò rí àyè fún. Dúdú tó gbọ́n tó sì ń gbádùn ayé kò ba òǹkàwé funfun lẹ́rù. Dúdú tó ní ìwé ìpàdé lọ́wọ́, tó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ohun tí Archanjo fi ń wo àìsàn ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀: kí dúdú àti funfun máa fẹ́ra wọn títí wàhálà yóò fi tán. Ìjọba ológun tó wà lórí àlééfà nígbà tí ìwé náà jáde fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amado kò fẹ́ràn ìjọba náà. Abdias do Nascimento, tó dá ẹgbẹ́ eré àwọn adúláwọ̀ sílẹ̀ ní Brazil ní 1944, ní tirẹ̀ sọ pé aṣọ ni wọ́n fi ìtàn ìdàpọ̀ yìí dá, tí wọ́n fi bo ìyà mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn odi ló wà nígbà náà. Láàárín 1976 sí 1977, ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Nígbà tí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀, dé Èkó ní 1977, ó fẹ́ ka iṣẹ́ rẹ̀ níbi àpérò, àwọn aṣojú ìjọba Brazil ò gbà, wọn ò sì jẹ́ kó kà á. Ibàdàn ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé àròsọ tó sọ pé ìdàpọ̀ lògùn àrùn ti kárí ayé nígbà náà. Ti ẹni tó sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó bá wà n'Íbàdàn ló kọ́kọ́ rí i.

Ọ̀ràn ìwé O Sumiço da Santa ló wá jẹ́ kí ògiri náà hàn gbangba.

Lọ́dún 1981, àwọn olórìṣà àgbáyé ṣe àpérò wọn àkọ́kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Ìkejì rẹ̀ bọ́ sí Salvador ní 1983. Níbẹ̀ ni ìyálórìṣà márùn-ún, lára wọn Mãe Menininha ti Gantois, Olga ti Alákétu àti Mãe Stella tó ti ń darí Òpó Àfọ̀njá láti 1976 nígbà náà, ti fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn. Wọ́n ní òrìṣà kì í ṣe ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà. Wọ́n ní ní ìgbà oko ẹrú, àwọn baba wọn ní láti fi ère àwọn ẹni mímọ́ bo òrìṣà mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí wọn bọ. Oko ẹrú ti tán, ìbòjú náà gbọ́dọ̀ tán. Ọya kì í ṣe Santa Bárbara. Mãe Stella kò sì fi mọ sórí ìwé: wọ́n kó ère àwọn ẹni mímọ́ kúrò nídìí ojúbọ, wọ́n kó wọn sínú musíọ̀mù tó dá sílẹ̀ nínú ọgbà ilé náà, tó pè ní Ilé Ohun Láéláé.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1988, Amado, Ọba Arolu ilé Mãe Stella, gbé O Sumiço da Santa jáde. Ère Santa Bárbara ni ìtàn náà dá lé. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e bọ̀ láti Santo Amaro wá sí Salvador fún ìpàtẹ ohun mímọ́. Bí ọkọ̀ ṣe gúnlẹ̀, ère náà di èèyàn, ó tún ìró rẹ̀ ṣe, ó kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ó sì wọ ìgboro lọ. Ọya ni. Ó wá gba ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Manela lọ́wọ́ ìyá ìyọnu kan tó tọ́ ọ, tí kò fẹ́ kó dé ilé òrìṣà. Ìwé tó dùn ni, ọ̀kan nínú èyí tó pani lẹ́rìn-ín jù tí Amado kọ. Láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ohun tí ìyá rẹ̀ nínú òrìṣà ti ní òun kò fẹ́ gbọ́ mọ́ ló ń sọ.

Àwọn tó ń gbèjà Amado ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní òǹkọ̀wé àròsọ kì í ṣe agbẹnusọ ilé òrìṣà. Wọ́n ní ẹgbàágbèje ará Bahia ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim láàárọ̀ tí wọ́n sì ń jó fún Ọbàtálá lálẹ́, àwọn náà sì ni ohùn tiwọn. Kódà, kì í ṣe gbogbo ilé òrìṣà ló tẹ̀ lé ìyá márùn-ún náà. Ọ̀pọ̀ ṣì ń fọ àtẹ̀gùn Bonfim lọ́dọọdún. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàgó ń bá ara wọn jiyàn, bí gbogbo ìdílé tó wà láàyè ṣe ń ṣe. Àléébù ìwé náà gan-an ni pé kò sí àríyànjiyàn yẹn nínú rẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹni tó kọ ìdàpọ̀ òrìṣà àti ẹni mímọ́ ni ìyá ìyọnu, onígbàgbọ́ líle tó ń sá fún òtítọ́ òrìṣà. Kò sí ìyálórìṣà kan nínú ìtàn náà tó jókòó sórí àga rẹ̀ tó ní, "Rárá, Ọya tèmi kì í ṣe ère ṣọ́ọ̀ṣì." Irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà láàyè nígbà náà, ó ń gbé nílé tí òǹkọ̀wé ti jẹ oyè, ó ti sọ ọ́ fáyé gbọ́. Ìwé Amado la ilé rẹ̀ kọjá, ó sì dé òkèèrè tí ìwé àwọn ìyá márùn-ún kò lè dé.

Èèyàn lè mọ ilé kan tinú-tòde, kó jẹun níbẹ̀, kó jà fún wọn níwájú aṣòfin, kó sì kọ orin wọn dáadáa. Ibi tó ti máa ń há ni ọjọ́ tí onílé bá sọ ohun tí kò bá tirẹ̀ mu. Bí òǹkọ̀wé bá wà lápá tí àwọn atẹ̀wé, àwọn atúmọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n wà, kò sí ohun tó ń fipá mú un gbọ́.

Ó sì yẹ ká mọ̀ pé àwọn onílé kò dákẹ́ ní tiwọn. Ní àpérò àwọn onímọ̀ nípa adúláwọ̀ tó wáyé ní Salvador ní 1937, Mãe Aninha fúnra rẹ̀ kọ iṣẹ́ lórí oúnjẹ àwọn ọmọ Áfíríkà. Martiniano do Bonfim kọ tirẹ̀ lórí àwọn Ọba Ṣàngó, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àpérò náà ní 1940. Mãe Senhora, tí Aláàfin Ọ̀yọ́ fi oyè Ìyá Nàsó ránṣẹ́ sí ní 1952, òun ló fi Amado joyè. Ọmọ bíbí inú rẹ̀, Deoscóredes dos Santos tí wọ́n ń pè ní Mestre Didi, ń kó ìtàn àwọn àgbà jọ, ó ń kọ wọ́n sílẹ̀. Contos Negros da Bahia tirẹ̀ jáde ní 1961, Amado ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ní 1967, Didi dé Kétu, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí. Níwájú ọba, ó ki oríkì ìdílé rẹ̀ tí wọ́n ti ń kì ní Bahia láti ìran dé ìran, àwọn ará ààfin sì mọ ilé tó ti jáde: wọ́n nawọ́ sí agbo ilé Aṣípa. Òǹkọ̀wé tó mọ oríkì ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mélòó nínú àwọn tó ka Gabriela ló mọ orúkọ rẹ̀? Mãe Stella náà gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1993, ó sì wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé òǹkọ̀wé Bahia ní 2013, nígbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.

Bahia nìkan kọ́ ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1859, ní Maranhão, olùkọ́ obìnrin kan tó jẹ́ dúdú, Maria Firmina dos Reis, gbé ìwé ìtàn Úrsula jáde láìfi orúkọ ara rẹ̀ síwájú. Nínú rẹ̀, ẹrú àgbà kan, Susana, sọ bí wọ́n ṣe mú un lóko rẹ̀ ní Áfíríkà, bó ṣe fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, bí inú ọkọ̀ ojú omi náà ṣe rí. Ìwé náà sọnù fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1875, Bernardo Guimarães, ọkùnrin funfun, kọ A Escrava Isaura, tí òun náà fi bá oko ẹrú wí. Kí àánú ẹrú náà lè ṣe òǹkàwé, ó dá a ní àwọ̀ funfun bí eyín erin. Tẹlifíṣọ̀n Globo sọ ọ́ di eré àtìgbàdégbà ní 1976, wọ́n sì tà á fún orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi. Aráyé sunkún nítorí ẹrú funfun. Susana ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú ìwé àtijọ́ nígbà náà ni.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni wọ́n ń jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Carolina Maria de Jesus ń ṣa bébà tà ní Canindé, àdúgbò àwọn òtòṣì ní São Paulo, ó sì ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ sínú ìwé tó bá ṣà. Oníròyìn kan tó ń jẹ́ Audálio Dantas ló bá a ṣe àtúntò rẹ̀, wọ́n sì gbé Quarto de Despejo jáde ní 1960. Ó tà bí búrẹ́dì gbígbóná. Carolina wá ní òun fẹ́ kọ ewì, òun fẹ́ kọ ìtàn àròsọ. Ojú wọn kò yà sí i mọ́. Owó ara rẹ̀ ló fi tẹ ìwé àròsọ rẹ̀ ní 1963. Obìnrin tí ebi ń pa ni wọ́n fẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò sí nínú ohun tí wọ́n rà.

Kí ọmọ Yorùbá tó ń gbọ́ èyí má tíì jókòó pẹ̀lẹ́tù sórí ìbínú nítorí àwọn ọmọ Nàgó. Nílé níbí, àwa la pọ̀, àwa la ni sinimá. Ẹ wo mẹ́gádì Hausa nínú eré Yorùbá: ohùn rẹ̀ kan náà, aṣọ rẹ̀ kan náà, Yorùbá tó ń sọ ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀, ó sì máa ń ṣílẹ̀kùn títí eré fi parí. Ó ní ìyàwó bí? Kí ló ń rò nípa ọ̀gá rẹ̀? Àwọn Ègùn ti wà ní Badagry pẹ̀lú wa tipẹ́tipẹ́. Bí wọ́n bá dé inú eré wa, kí ni iṣẹ́ tí a máa ń gbé fún wọn? Ẹni tó bá fẹ́ dá Amado lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ wo ilé ara rẹ̀ yí ká.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ nípa ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀. Itamar Vieira Junior, ọmọ Salvador, kọ Torto Arado, tó gba ẹ̀bùn LeYa ní Portugal ní 2018. Ọkùnrin ni, ọmọ ìlú ńlá ni, arábìnrin méjì ní abúlé àwọn ọmọ ẹrú ló sì fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn ti fi ọ̀bẹ gé ahọ́n ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́. Síbẹ̀ ó ń ronú, ó ń dá oko rẹ̀, ó ń bínú sí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n, ó sì ń kọ ohun tí kò bá wù ú. Ẹ̀dá ìtàn tó bá lè kọ̀, kódà láìní ahọ́n, ni ohun tí à ń wá.

Ní 2006, Ana Maria Gonçalves, obìnrin dúdú láti Ibiá ní Minas Gerais, gbé Um Defeito de Cor jáde, ìwé olójú ewé 952. Kẹ́hìndé ni orúkọ ẹni tó ń sọ ìtàn náà, láti Savalu nílẹ̀ Dàhómì. Wọ́n mú òun àti Táíwò àti ìyá wọn àgbà, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀; Táíwò àti ìyá àgbà kú sórí omi. Nígbà tí wọ́n dé etíkun Bahia, tí àlùfáà ń dúró de àwọn ẹrú láti ṣe ìrìbọmi fún wọn kó sì fún wọn lórúkọ òyìnbó, ọmọbìnrin náà bẹ́ sómi kó má bàa gbà á. Ó dàgbà ní Bahia, ó wà níbi rògbòdìyàn àwọn Màlé, ìyẹn àwọn ẹrú Mùsùlùmí, ní oṣù kìíní 1835, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó tà á. Nígbà tó wá padà sí Áfíríkà, Gonçalves kò dá a láre nínú gbogbo nǹkan: Kẹ́hìndé di olówó, ó ń kọ́lé bíi ti Brazil, ó ń bá wọn ta ìbọn àti ẹ̀tù, ó sì ń fojú tín-ín-rín wo àwọn tí kò rékọjá òkun rí. Àwọn ará Èkó tó mọ ìtàn àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé yóò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kò sí Gabriela kankan níbẹ̀. Ní oṣù keje 2025, Akadẹ́mì àwọn òǹkọ̀wé Brazil, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1897, yan Gonçalves. Òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀. Ọdún méje ṣáájú, Conceição Evaristo, obìnrin dúdú òǹkọ̀wé mìíràn, ti gbégbá ìbò síbẹ̀, ìbò kan ṣoṣo ló rí.

Gonçalves ti sọ bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ilé ìtàwé kan ló wà tí ọwọ́ rẹ̀ fi ba Bahia de Todos os Santos, ìwé tí Amado fi mú àlejò rìn yí Salvador ká, tó kọ́kọ́ jáde ní 1945. Nínú rẹ̀, Amado mẹ́nu ba Licutan, àlùfáà àwọn Màlé, ẹni tó wà lẹ́wọ̀n nítorí gbèsè ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ogun 1835 bẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé wá, kí wọ́n wá kọ ìtàn ọkùnrin yìí. Gonçalves kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Bahia nítorí ìpè yẹn. Ó wá Licutan nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀, ó rí i, ó fún un ní ojú ewé tirẹ̀, ó sì fi ìyókù fún Kẹ́hìndé.